Wọ́n fẹ́ pe àbúrò mi ní apànìyàn nítorí ilẹ̀ bàbá wa n'Ímọ̀tà. Ẹ gbà mí o

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mi ò tíì fojú ba oorun láti Sátidé. Ilẹ̀ tí bàbá ńlá wa fi ń gbin ẹ̀gẹ́, àwọn kan ló ń tà á mọ́ wa lójú báyìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n hú òpó sáfè wa. Wọ́n gé ọ̀pẹ tí ìyá mi fi ń ṣe epo tó fi rán wa nílé ìwé. Baálẹ̀ gba ọtí lọ́wọ́ wa, kò sọ nǹkan kan. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ sọ fún mi lójú gbogbo ayé ní Sábó pé àlejò ni bàbá wa!

Àwọn ọkùnrin ìdílé wa wá lọ síbẹ̀ ní Sátidé. Ìjà bẹ́, ẹnì kan kú lára àwọn tọ̀hún. Ọlọ́pàá kó èèyàn mẹ́fà, àbúrò mi wà níbẹ̀. Kò fọwọ́ kan òkú yẹn o. Báwo ni èèyàn mẹ́fà ṣe máa jẹ́bi ikú ẹnì kan? Ìwé sáfè wa wà lọ́wọ́ mi. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ìjẹdẹ: Ẹ pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ojú mi rí màbo lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀. Mo san owó ìpìlẹ̀, mo san owó dẹ́kìn, nígbà tí mo fẹ́ kan páànù wọ́n tún dé. Ẹ mú ìwé sáfè yẹn lọ bá ọ̀gá ọlọ́pàá.

Ìyá Sìmíátù: Ẹ ò tíì kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú. Ọ̀pẹ lẹ ń sọ.

Ẹni tó béèrè: Ìyá wa, ó dùn mí. Àmọ́ ta ló kọ́kọ́ hú òpó?

Lọ́yà Àgbọ̀wá: Ẹ gbé ìwé sáfè sílẹ̀ ná. Ẹni tó ni ilẹ̀, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ohun tí kọ́ọ̀tù máa bi yín ni pé: kí ni wọ́n gbé lọ? Ta ló pè wọ́n jọ? Kí ni wọ́n jọ pinnu? Bí èèyàn bá pawọ́ pọ̀ ṣe ohun tí òfin kọ̀, tí ikú sì jẹ́ ohun tó ṣeé ṣe kó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, òfin ka gbogbo wọn sí ẹni tó pa á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ṣá a. Òfin tí Gómìnà Ambode fọwọ́ sí lọ́dún 2016 sì ti kọ̀ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni fipá gba ilẹ̀.

Ọmọ Ìgbógbó: Lọ́yà, ẹ ń dẹ́rù bà wọ́n. Ẹni tó ṣá a ló pa á!

Lọ́yà Àgbọ̀wá: Ẹ̀gbọ́n, rárá. Ẹni tó kàn wà níbẹ̀, tí kò bá wọn lọ́wọ́ sí i, kò jẹ̀bi. Bí wọ́n bá jà láìgbèrò ikú, ó lè di ìpànìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀, ẹ̀wọ̀n gbére ló ga jù níbẹ̀. Ìmọ̀ọ́mọ̀ pànìyàn, ikú ni. Ìyàtọ̀ yẹn wà nínú ohun tí wọ́n gbé lọ àti ohun tí wọ́n sọ kí wọ́n tó lọ.

Bàbá Ìjẹdẹ: Ẹ lọ gba béèlì rẹ̀ ní májísíréètì.

Lọ́yà Àgbọ̀wá: Májísíréètì kò lè gbọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn, bàbá. Ó máa ní kí wọ́n fi wọ́n sí àhámọ́ títí ìmọ̀ràn yóò fi ti ọ́fíìsì DPP dé, ìyẹn olórí àwọn lọ́yà ìjọba tó ń pinnu ẹni tí wọ́n máa pè lẹ́jọ́. Kọ́ọ̀tù gíga ló kù. Ṣé àbúrò yín ti kọ sítétíméǹtì? Bó bá jẹ́wọ́, òfin Èkó ní kí wọ́n gbà á sínú fídíò, tàbí kí lọ́yà rẹ̀ jókòó tì í.

Ẹni tó béèrè: Kò sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì rárá! Òun kàn wa àwọn ọmọ yẹn láti Ọ̀dógùnyàn ni.

Ìyá Sìmíátù: Àwọn ọmọ wo? Ẹ ní ọkùnrin ìdílé yín ló lọ.

Ẹni tó béèrè: Ìdílé dáwó ni. Ọwọ́ rẹ̀ la kó o sí nítorí òun ló mọ̀ wọ́n. Ẹ tún fẹ́ kí n sọ kí ni?

Lọ́yà Àgbọ̀wá: Ẹni tó háyà èèyàn ṣẹ̀ bí ẹni tó lọ gan-an, kó wà nínú bọ́ọ̀sì tàbí nílé. Kí ló ní kí wọ́n ṣe?

Ẹni tó béèrè: Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí olórí wọn lálẹ́ Fúráídé. Ó ní bí wọ́n bá kọ̀ tí wọn ò kúrò, kí wọ́n má dá ẹnikẹ́ni sí. Inú ló ń bí i, kò ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé fóònù náà fún mi.

Ọmọ Ìgbógbó: Ẹ pa á rẹ́ kíá!

Lọ́yà Àgbọ̀wá: Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹjọ́ tiyín lẹ máa fi dá sílẹ̀.

Ẹni tó béèrè: Mo ti pa á rẹ́ láti àná. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ránṣẹ́ sí, ó wà lára àwọn mẹ́fà náà, fóònù tiẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá.

Lọ́yà Àgbọ̀wá: Ẹ pè mí nísinsìnyí. Ẹ má kọ ohunkóhun síbí mọ́.