Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: wọn ò fẹ́ ká páàkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn àtijọ́ mọ́

Ìyàwó Ilé
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àdúgbò wa fara ti òkè kan tó jẹ́ ààtàn tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti fi yẹ̀pẹ̀ bò ó, koríko sì ti hù lórí rẹ̀. Ẹni tí ò bá mọ̀ á rò pé òkè lásán ni. Káńsù wá ní káwọn ọkọ̀ má dúró mọ́ ní apá títì tó kọjú sí òkè náà, nítorí ààbò. Inú bí mi, torí pé ìyá ọkọ mi ò lè rìn jìnnà. Àmọ́ lóṣù tó kọjá, áńbúláǹsì tó wá gbé aládùúgbò wa ò ráyè kọjá láàárín àwọn ọkọ̀ tó wà lọ́tùn-ún lósì. Ọwọ́ ni wọ́n fi gbé e dé ìkóríta nínú òjò. Títí di báyìí, mo ṣì ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí aṣọ ò bò tán. Ọ̀la nìpàdé. Ṣé kí n ta kò wọ́n ni, àbí kí n fọwọ́ sí i?

Bàbá Panápaná
Ọmọ mi, iṣẹ́ panápaná ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì. Fọwọ́ sí i. Ọkọ̀ wa fẹ̀ tó mítà 2 àbọ̀, a sì gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn rẹ̀ ká tó fa rọ́bà omi jáde. Ìlànà tí wọ́n ń lò níbi púpọ̀ ní Amẹ́ríkà béèrè ẹsẹ̀ bàtà 20 láìsí ìdíwọ́, ìyẹn bíi mítà 6. Mú téèpù, kó o wọn títì yín.

Ẹnjiníà
Ẹ má gbàgbé ohun tó wà nísàlẹ̀. Ìdọ̀tí tó ń jẹrà lábẹ́ ilẹ̀ máa ń tú gáàsì jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ìdajì rẹ̀ sì ni methane. Methane fúnra rẹ̀ ò lóòórùn. Tó bá ti wà láàárín ìdá 5 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́, iná díẹ̀ ti tó láti mú kó bú gbàmù. Ní gbangba, atẹ́gùn á tú u ká. Ibi tó ti há ni ewu wà: inú gọ́tà tí wọ́n bò, ihò wáyà, abẹ́ ilé. Ní Loscoe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́jọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1986, gáàsì ààtàn gba abẹ́ ilẹ̀ wọnú ilé kan, ó sì wó ilé náà palẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń wọn gáàsì gbọ́dọ̀ ríbi dé ojú páìpù ìdánwò, ìyẹn páìpù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láti fi wọn gáàsì, nígbàkigbà. Ṣùgbọ́n lílé ọkọ̀ kúrò ò ní kí gáàsì má jáde o! Ẹ bi káńsù pé kí ni ẹ̀rọ wọn kà kẹ́yìn.

Ọmọ Òpó
Àwọn tó ń sun inú ọkọ̀ wọn níbẹ̀ ńkọ́? Èmi náà ti sùn bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n á kàn fa ọkọ̀ èèyàn lọ lóru ni, ilé rẹ̀ sì nìyẹn.

Bàbá Panápaná
Òótọ́ lo sọ. Àwọn gan-an ni mo sì ń bẹ̀rù fún jù, torí wọ́n máa ń dáná sínú ọkọ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ wá ibòmíì fún wọn ná.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ní kí wọ́n fàlà sí ẹ̀gbẹ́ ilé yín, níbi tí ọkọ̀ á ti máa já arúgbó àti aláìsàn sílẹ̀, kó sì lọ. Wọ́n ṣe é fún wa, màmá mi sì ń gbádùn ẹ̀.

Ìyàwó Ilé
Ẹ ṣé gan-an. Èmi àti ọkọ mi ti wọn ọ̀nà náà: bí ọkọ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, mítà 3 péré ló kù láàárín. Mo máa fọwọ́ sí i, màá sì béèrè àyè ìyá wa, ibi tí àwọn tó ń sun inú ọkọ̀ máa lọ, àti ohun tí ẹ̀rọ kà. Nígbà tá à ń wọ̀n ọ́n la rí ìdérí irin kékeré kan, tó jọ ti páìpù ìdánwò, lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tí táyà rẹ̀ ti jò, tí koríko ti hù yí ká. Mo ti ya fọ́tò rẹ̀. Òun ni màá kọ́kọ́ fi hàn wọ́n lọ́la.