Ọlọ́jà kò dá owó mi padà ní Salvador

Abẹ̀kẹ́: Ẹ gbà mí o, inú ń bí mi débi pé oorun ò kùn mí. Salvador ní Bahia, ní Bràsíl, ni mo wà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ ibẹ̀, ni ọmọkùnrin kan so rìbọ́ọ̀nù mọ́ mi lọ́wọ́, ó ní ọ̀fẹ́ ni, kò pẹ́ ló ní kí n mówó wá. Oòrùn ń pa mí, òkúta ojú títì ti ba bàtà mi jẹ́, ọkọ mi ò gbé fóònù. Níbẹ̀ ni mo ti ya ṣọ́ọ̀bù kan, mo ra nǹkan olówó gọbọi. Mo dé òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní wọ́n ti rẹ́ mi jẹ. Mo padà lọ, ọlọ́jà ní òun kì í gba ọjà padà. Kí ni kí n ṣe? Níbo ni mo tún ti lè rí ọjà gidi rà fún ará ilé?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Kí lo rà? Ìgbà tí mo lọ, ọjà São Joaquim ni mo lọ. Epo pupa, ìkòkò amọ̀, ewé, ìlẹ̀kẹ̀, obì, orógbó, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀, bí ẹni pé ilé ni mo wà. Má fi epo sínú báàgì ọwọ́ o, tó bá ju 100 ml lọ wọ́n á gbà á.

Alájàpá: Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ta ló ń ra ọjà láìná an?

Abẹ̀kẹ́: Mo ná an! Èmi ò wá gba èébú.

Àkànjí: Mercado Modelo lẹ bá lọ, níwájú Elevador Lacerda, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè. Ilé aṣọ́bodè ni tẹ́lẹ̀, iná jó o ní 1984, wọ́n tún un ṣe. Léèsì àti ère onígi pọ̀ níbẹ̀. Berimbau, ohun èlò orin olókùn kan, gùn ju báàgì lọ, kékeré ni kẹ́ ẹ rà. Ti owó yẹn, ọjọ́ 7 tí òfin wọn fún oníbàárà láti yí ọkàn padà, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà fún, kì í ṣe èyí téèyàn wọ ṣọ́ọ̀bù rà.

Ọmọ Olúwa: Já rìbọ́ọ̀nù yẹn dànù, arábìnrin! O ò mọ ohun tí wọ́n sọ sí i.

Ìyá Ìbejì: Ti ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim ni, gígùn apá ère tó wà níbẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn ọ́n látijọ́. Jẹ́ kó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Abẹ̀kẹ́, o ò tíì sọ ohun tó o rà.

Abẹ̀kẹ́: Bàbá mi ni mo rà á fún, wọ́n fẹ́ joyè. Adé ìyẹ́ ni, pupa àti aró, ìyẹ́ arara, ẹyẹ ńlá tó jọ odídẹrẹ́. Àwọn ọba wa ṣáà ń fi ìkóódẹ sórí adé. Ará òtẹ́ẹ̀lì ní wọ́n á mú mi, mo rò pé ìlara ni.

Àkànjí: Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ìlara! Òfin 9.605 ti 1998 sọ ọ́ di ọ̀ràn kéèyàn ta nǹkan ara ẹranko igbó tàbí kó gbé e jáde láìgbàṣẹ. Ẹ má gbé e dé pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ pe ẹ́ḿbásì wa ní Brasília lónìí.

Alájàpá: Háà. Mo rò pé ère ni. Ṣé ẹ ní rìsíìtì?

Abẹ̀kẹ́: Kò fún mi. Àárọ̀ ọ̀la ni bàálù mi ń gbéra.

Ìyá Ìbejì: Jọ̀ọ́, gbàgbé owó yẹn. Pe ẹ́ḿbásì ná, lẹ́yìn náà lọ wá ìlẹ̀kẹ̀ tó dáa fún bàbá ẹ.

Abẹ̀kẹ́: Mo ti ń pè, wọn ò tíì gbé e. Àmọ́ ọlọ́jà yẹn mọ̀, ó sì gbowó mi!