Ìrírí àwa tí a ń sin ajá àti ológbò n'Ìbàdàn: X-ray, scan, àti iṣẹ́ ilé tí ó tẹ̀lé e

Ìyá Tanímọ̀la, Àkóbọ̀:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tí wọ́n bá ti ya X-ray tàbí ṣe scan fún ajá tàbí ológbò rẹ̀ rí sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, pàápàá ohun tí wọ́n ní kí ó máa ṣe nílé lẹ́yìn náà, nítorí apá yìí gan-an ni n kò rí ẹni là mí lọ́yẹ̀ lé lórí nígbà tí ó kàn mí. Èmi ni n óò kọ́kọ́ sọ tèmi.

Ajá Lhasa ni Tanímọ̀la. Ó kúrú lẹ́sẹ̀, ó gùn lẹ́yìn, ó sì fẹ́ràn láti máa fò sílẹ̀ láti orí àga. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì kọ̀ láti gbé e, ó wá ń wọ́ wọn tuurutu nílẹ̀. Àwọn aládùúgbò kan ní májèlé ni ó jẹ, àwọn mìíràn ní ejò ni. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko, kì í ṣe X-ray ni ó kọ́kọ́ ṣe. Ó fi irin kékeré kan fún ìka ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajá náà pọ̀ gírígírí, ojú ajá ni ó sì ń wò. Ó ní bí ajá bá fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn nìkan, ìyẹn kò tó, nítorí pé ẹsẹ̀ lè fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ìrora náà dé ọpọlọ. Ohun tí òun ń wá ni kí ó yíjú padà, kí ó ké, tàbí kí ó tilẹ̀ fẹ́ gé òun jẹ. Tanímọ̀la ké, dókítà sì ní ohun tí òun fẹ́ gbọ́ nìyẹn, torí pé ajá tí kò bá mọ ìrora lẹ́sẹ̀ mọ́ rárá, ìrètí rẹ̀ dín kù púpọ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ tètè ṣiṣẹ́ abẹ fún un.

Lẹ́yìn èyí ni X-ray tó kàn. Egungun ẹ̀yìn 13 ni ajá ní níbi tí ìhà ti so mọ́ ọn, ó sì ní 7 mìíràn láti ibẹ̀ dé ìbàdí. Láàárín èyí tí ó kẹ́yìn nínú àwọn 13 náà àti èyí tí ó ṣáájú nínú àwọn 7, àlàfo tí a rí há ju ti àwọn yòókù lọ. Dókítà ní ohun rírọ̀ tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ ti gbẹ, ó ti le, ó sì ti yọ sókè lọ tẹ okùn ìmọ̀lára tí ó gba inú egungun ẹ̀yìn kọjá. Ó sọ fún mi láìfi bò pé X-ray kò fi okùn náà hàn, pé egungun àti àlàfo ni òun fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí okùn náà gan-an yóò lo MRI, ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán ẹran ara rírọ̀, tàbí kí wọ́n fún ajá náà ní abẹ́rẹ́ oògùn tí ìtànṣán kì í là kọjá sí àyíká okùn náà, kí wọ́n tó tún X-ray ya. Nígbà tí Tanímọ̀la ṣì mọ ìrora, a fẹnu kò sí ìsinmi.

Ìsinmi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Nínú kéèjì ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, kò sì gbọdọ̀ jáde àfi láti tọ̀ àti láti yàgbẹ́. Gbogbo ẹni tí ó wọlé wa ni ó ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Bàbá àgbà kan nílé kejì gbé àdín wá, ó ní kí a fi fà á lẹ́yìn, kí a sì máa fipá mú un rìn kí ẹsẹ̀ má bàa kú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n mo ti rí àwòrán náà. Ibi tí ohun náà ti ya nílò àkókò láti jinná, bí ajá bá sì fò tàbí tí ó fi ẹ̀yìn lọ́, ìyókù tí ó wà nínú lè tún yọ jáde. Ohun tí wọ́n gbà mí láyè láti ṣe ni kí n tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n máa ká oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀, kí n sì máa nà án, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí n má sì ti i kọjá ibi tí ó bá ti ní ó tó. Mo tún ń tẹ àpò ìtọ̀ rẹ̀ nígbà mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́, torí pé ajá tí ẹ̀yìn rẹ̀ rọ lè máa jò ìtọ̀ sílẹ̀ kí àpò ìtọ̀ rẹ̀ sì kún dẹ́múdẹ́mú. Ẹni tí ó bá rí i pé ilẹ̀ tutù yóò rò pé ó ti tọ̀.

Nígbà tí ìsinmi parí, ọ̀já tí mo fi pọn àbíkẹ́yìn mi ni mo fi gbé ikùn rẹ̀ sókè kí ó lè dúró. Orí rọ́ọ̀gì ni a ti ń ṣe é. Ẹ má ṣe é lórí táìsì tí ń yọ̀.

Bàbá Ìbejì, Mọ́níyà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Tanímọ̀la. Tèmi yàtọ̀ sí tiyín pátápátá, ìdí nìyẹn tí mo fi gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbí, kí ẹnikẹ́ni má bàa ka tiyín kí ó sì lọ ti ajá tirẹ̀ mọ́ kéèjì.

Ajá ìbílẹ̀ ni mo ní. Ọ̀kadà kan gbá a níwájú ilé, ó dìde, ó sì ń fi ẹsẹ̀ mẹ́ta rìn. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé e lọ ya àwòrán kan ṣoṣo láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n ní kò sí ohun tó ṣẹ́, pé ara ni ó bó. A mú un padà sílé, a ń retí, itan rẹ̀ sì ń rù. Ìgbà tí a gbé e lọ sí ibòmíràn ni wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ oorun, wọ́n dá a dùbúlẹ̀ gbalaja, wọ́n na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, wọ́n sì ya òmíràn. Gbangba ni a rí i: orí egungun itan, ibi rìbìtì tí ó máa ń wọ inú ihò ìbàdí, ti ṣẹ́ kúrò lára ìyókù. Nínú àwòrán ti ẹ̀gbẹ́, itan kan ti bo ìkejì mọ́lẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn méjì bá tò tẹ̀lé ara wọn níwájú ayàwòrán.

Wọ́n ní àwọn yóò gé orí egungun náà sọnù. Ẹ̀rù bà mí, mo ní báwo ni ajá yóò ṣe rìn láìsí oríkèé? Dókítà ní ẹran ara àti iṣan yóò dí ibẹ̀, yóò sì di oríkèé mìíràn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n pé kìkì bí ajá bá tètè lo ẹsẹ̀ náà ni ibẹ̀ yóò fi rọ̀. Bí a bá jẹ́ kí ó sinmi bí ti Tanímọ̀la, yóò le gbagidi, ẹsẹ̀ náà yóò sì ká sókè. Nítorí náà, kò pẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí a fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú oògùn ìrora tí wọ́n fún un. Mo fi okùn sí i lọ́rùn, mo sì ń rìn pẹ̀lú rẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ débi tí ó ń lọ, nítorí pé bí ìrìn bá yá, ajá yóò gbé ẹsẹ̀ náà sókè, yóò sì máa fi mẹ́ta sá lọ. Bí ó bá falẹ̀, ó di dandan kí ó fi í tẹlẹ̀. Nígbà tí ó yá, a kọjú sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó lọ sókè. Mo tún ń fi eegun ẹja mú un jókòó, kí ó tún dìde, kí ó tún jókòó. Ó ń sáré lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ náà kúrú díẹ̀ sí èkejì.

Ológbò Mẹ́ta, Bódìjà:

Tèmi kò gùn. Ológbò mi jábọ́ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó ń tiro, ẹsẹ̀ ni mo sì gbé e lọ fún. Dókítà ní kí a kọ́kọ́ ya àyà ná. Inú bí mi díẹ̀, mo rò pé owó ni wọ́n ń wá. Ìfun ni a bá láyà rẹ̀: awọ tí ó pààlà láàárín àyà àti ikùn ti fàya. Bí wọ́n bá kùn ún lóorun tìtorí ẹsẹ̀ láìmọ̀ nípa èyí, ó ṣeé ṣe kí ó má jí. Awọ náà ni wọ́n rán. Ìbàdí tí ó sán, èyí tí ó ń mú un tiro, kò gba iṣẹ́ abẹ rárá, inú kéèjì ni ó ti jinná.

Ayàwòrán Ẹranko, Mọ́kọ́lá:

Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe, mo sì láyọ̀ pé Bàbá Ìbejì mẹ́nu kan àwòrán méjì. Ìlànà iṣẹ́ wa ni pé ẹ̀gbẹ́ kan kò tó fún egungun kankan. A gbọdọ̀ ya láti ẹ̀gbẹ́, kí a sì ya láti iwájú tàbí ẹ̀yìn. Bí a bá ń wá kókó jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró, mẹ́ta ni a máa ń yà. Ẹ má bínú tí a bá fún ẹran yín ní oògùn oorun. Ajá tí ìdí ń dùn kò ní jẹ́ kí a na ẹsẹ̀ òun, bí ó bá sì mira, àwòrán yóò dàrú, a ó tún un yà, ìtànṣán yóò sì pọ̀ sí i fún gbogbo wa. Ẹ̀wù òjé tí ẹ ń rí lọ́rùn wa kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Aboyún àti ọmọdé kò gbọdọ̀ bá wa di ẹran mú, bí ajá náà ti wù kí ó fẹ́ràn wọn tó.

Ẹ̀yin tí ẹ ní Alsatian, orí egungun itan tí kò bá ihò ìbàdí mu dáadáa wọ́pọ̀ lára wọn, X-ray ni a sì fi ń mọ̀ ọ́n. Ní Amẹ́ríkà, ajá gbọdọ̀ pé oṣù 24 kí àjọ tí ń wo ìbàdí ajá tó fún un ní ìwé ẹ̀rí tí kì í yí padà. Ẹ bi ẹni tí ń ta ọmọ ajá fún yín bóyá wọ́n ti yẹ ìbàdí bàbá àti ìyá rẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un: ẹ má fún ajá ní ibuprofen yín, ẹ má sì fún ológbò ní paracetamol. Mo ti rí ẹran tí egungun rẹ̀ kò ní ìṣòro ńlá, tí oògùn ilé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa.

Alájá, Àpáta:

Ẹ jọ̀wọ́, akọ ti gun abo ajá mi, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó lóyún. Ṣé scan ni tàbí X-ray?

Ayàwòrán Ẹranko, Mọ́kọ́lá:

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó lóyún, scan láti nǹkan bí ọjọ́ 25 lọ. Ẹ ó rí ọkàn àwọn ọmọ náà tí ń lù. Bí ẹ bá fẹ́ ka iye wọn, X-ray lẹ́yìn ọjọ́ 55 ni ó dára jù, nígbà tí egungun wọn ti le. Scan kì í mọ iye dáadáa.

Àǹtí Fisiotẹ́rápì, Ring Road:

Ènìyàn ni mò ń tọ́jú lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ajá mi tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ orúnkún fún ló mú mi kẹ́kọ̀ọ́ ti ẹranko, pẹ̀lú àbójútó dókítà rẹ̀. Omi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ní òkè òkun, wọ́n ní ẹ̀rọ tí ajá ń rìn nínú omi lórí rẹ̀. Bàsíà ńlá tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ ni mo lò, mo sì tẹ́ rọ́bà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí omi bá dé ìbàdí ajá, nǹkan bí 38 péré nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń gbé. Bí ó bá mọ ní orúnkún, 85 ni. Ní ọrùn ẹsẹ̀, 91. Nítorí náà, omi jíjìn ni ẹ óò fi bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì máa dín in kù bí ó bá ti ń lágbára sí i. Ojú ọgbẹ́ gbọ́dọ̀ ti jinná, kí wọ́n sì ti yọ okùn tí wọ́n fi rán an. Kí omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹnì kan gbọdọ̀ di ajá mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Yìnyín tí a fi aṣọ wé ni a ń lò ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Aṣọ gbígbóná kì í yá bẹ́ẹ̀, ó di ìgbà tí wíwú bá lọ.

Ìyá Tanímọ̀la, Àkóbọ̀:

A dúpẹ́ o, Àǹtí. Tanímọ̀la ti ń rìn, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ṣì ń mì. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ tí mò ń fún un pọ̀ jù tàbí ó kéré?

Àǹtí Fisiotẹ́rápì, Ring Road:

Ẹ wá téèpù aránṣọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ na ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wọn itan náà yíká ní ojú ibi kan náà, kí ó sì jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni ẹ óò máa wọ̀n ọ́n, torí ọwọ́ ẹlòmíràn lè fún téèpù ju tiyín lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì méjì. Bí itan bá ń nípọn, iṣẹ́ náà ń wọlé. Bí ó bá jí ní ọjọ́ kejì tí ìrìn rẹ̀ burú ju ti àná lọ, ẹ dín iṣẹ́ náà kù sí ìdajì. Bí ó bá sì tún ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ẹ dá gbogbo rẹ̀ dúró, ẹ gbé e padà lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì mú X-ray àkọ́kọ́ dání. Ẹ gba fáìlì rẹ̀ gan-an lọ́wọ́ wọn, torí fọ́tò tí ẹ fi fóònù yà lójú fèrèsé kì í fi àlàfo egungun hàn dáadáa.