Ṣé ebi ló ń mú aráàlú dìde, àbí ìbínú sí àjèjì tó ń pàṣẹ nílé onílé?

ỌmọẸ̀pẹ́:
Ẹ ǹ lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn kan ń sọ fún mi pé ebi nìkan ló ń jẹ́ kí aráàlú gbàjọba lọ́wọ́ aláṣẹ, pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ń kó ọrọ̀ wa lọ yẹn ariwo olóṣèlú lásán ni. Èmi ò gbà. Ebi ti pa ìlú tó pọ̀ tí wọn ò ṣe nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i, pàápàá ọ̀rọ̀ Ìráànì 1979 yẹn tí aráàlú lé Shah, ọba wọn, kúrò lórí oyè, kí ni Amẹ́ríkà fi ṣe wọ́n tí inú fi bí wọn tó bẹ́ẹ̀?

Bàbá Ìkòròdú:
Ọmọ mi, 1979 kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ o. Ní 1890 ọba wọn kó gbogbo òwò tábà ilẹ̀ náà fún ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Talbot, ọdún 50 gbáko, ìyẹn á máa san 15,000 pọ́n-ùn lọ́dún àti ìdá kan nínú mẹ́rin èrè. Ìwọ lo gbìn ín, òwò tí bàbá rẹ ṣe kú ni, wọ́n wá ní àjèjì kan ṣoṣo ni kó o máa tà á fún. Àwọn ọlọ́jà ti ṣọ́ọ̀bù pa, àwọn ààfáà ńlá dá sí i, ní ìparí 1891 wọ́n kéde pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fa tábà mọ́, ìlú sì pa á tì, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyàwó ọba gan-an. Ọba fagi lé e ní 1892. Èyí tó dùn mí jù ni pé kọ́ńpìnnì yẹn gba 500,000 pọ́n-ùn owó gbà-má-bínú, báǹkì àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ni ọba sì ti lọ yá a, aráàlú borí tán, gbèsè tún dé.

Epo ló kàn. Wọ́n rí i ní 1908, kọ́ńpìnnì Gẹ̀ẹ́sì ń wà á, nígbà tó fi di 1950 owó orí tí kọ́ńpìnnì yẹn ń san fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ju ohun tí Ìráànì tó ni epo ń rí gbà lọ. Mossadegh, olórí ìjọba wọn, gbà á padà fún ìlú ní 1951. Oṣù kẹjọ 1953 àwọn amí Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn sójà lẹ̀dí àpò pọ̀, wọ́n yọ ọ́ nípò, Shah wá di alágbára pátápátá. Lọ́dún kejì wọ́n tún epo náà pín, kọ́ńpìnnì Amẹ́ríkà mú ìdá 40 nínú 100. Ìwọ ṣáà bi mí ohun tí Amẹ́ríkà fi ṣe wọ́n.

Ìyá Ẹlẹ́ja Àgbádárìgì:
Bàbá ẹ kú àlàyé sà. Ẹ jẹ́ n fi ti 1964 kún un. Ilé ìgbìmọ̀ wọn ṣe òfin pé sójà Amẹ́ríkà tó bá ṣẹ̀ ní Ìráànì, kóòtù Ìráànì ò lè dá a lẹ́jọ́. Khomeini, ààfáà ńlá kan, bọ́ síta, ó ní tí ará Ìráànì bá fi mọ́tò gba ajá ará Amẹ́ríkà wọ́n á mú un, ṣùgbọ́n tí kúùkù Amẹ́ríkà bá gba Shah fúnra rẹ̀ kò sẹ́ni tó lè ṣe é ní nǹkan kan. Wọ́n lé e kúrò nílùú. Ẹ wò ó, ohun tó ń dun èèyàn níbẹ̀ kì í ṣe owó, àbùkù ni. Ebi ń pa mí mo lè fara dà á, ṣùgbọ́n kí ọmọ mi kú sójú títì kí wọ́n ní ẹni tó pa á ò ní í dé kóòtù torí ìlú tó ti wá, mi ò lè fara da ìyẹn láéláé.

Shah tó fọwọ́ sí òfin yẹn ńkọ́? Ọmọ Ìráànì ni. Òun náà ni aráàlú wá lé lọ ní 1979.

Sàmù_Ìkòròdú:
Kúbà náà bẹ́ẹ̀. Iná mànàmáná, tẹlifóònù, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ṣúgà, tàwọn ará Amẹ́ríkà ni, ní 1957 kọ́ńpìnnì tẹlifóònù wọn jẹ́ kí Batista, olórí Kúbà, gbà kí wọ́n fowó lé owó ìpè, wọ́n wá fún un ní tẹlifóònù tí wọ́n fi wúrà bò. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ó sá lọ.

Rúkà_ÈkóẸ̀pẹ́:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo ní nǹkan sọ sí i. Ìbínú nìkan ò tó. Ní oṣù kejìlá 1851 ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, Kòsọ́kọ́ ọba Èkó kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́, àwọn la fi ń jẹ́ Èkó Ẹ̀pẹ́ tá a sì ń ṣe Káyòkáyò. Inú bí i gan-an, ó padà lọ kọlu Èkó ní 1853. Ní 1854 aṣojú Gẹ̀ẹ́sì bá a ṣe àdéhùn, wọ́n fún un láyè láti máa ṣòwò ní èbúté Palma àti Lẹ́kkí, ó jọ̀wọ́ ogun. Aráàlú ò dìde mọ́ ọn lẹ́yìn láti lé òyìnbó, ìjà ọmọ ọba méjì lọ̀pọ̀ rí i sí, òun náà sì ń ta èèyàn lẹ́rú, ta ló máa kú fún un?

Ẹ má sì gbàgbé pé lẹ́yìn tí Shah lọ, ní oṣù kẹta 1979 àwọn obìnrin jáde ní Tehran torí ìjọba tuntun fẹ́ fi dandan mú wọn lo ìbòrí. Àwọn obìnrin náà wà lára àwọn tó lé Shah o. Ẹni tó bá sì ta ko ìjọba tuntun, wọ́n á ní ẹ̀yìn Amẹ́ríkà ló wà.

Bàbá Ìkòròdú:
Òótọ́ lo sọ Rúkà. Ṣùgbọ́n mọ ibi tí ìfura yẹn ti wá. Oṣù kẹwàá 1979 Amẹ́ríkà gba Shah wọlé pé kó wá gbàtọ́jú, lójú àwọn ará Ìráànì 1953 ló tún ń bọ̀ yẹn, kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ya wọ iléeṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà. Èmi ò ní wọ́n ṣe dáadáa, àwọn èèyàn 52 lo 444 ọjọ́ ní ìgbèkùn. Àwọn tó ń ṣèjọba ló wá lo ẹ̀rù yẹn fi pa tiwọn lẹ́nu mọ́, àwọn obìnrin tó o sọ yẹn ló sì kọ́kọ́ jìyà ẹ̀.