Kí ni Octavia Butler fi ń jẹun kí ìwé rẹ̀ tó tà?

Olùkọ́ Ìkẹ́rẹ́: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọmọ kan ní kíláàsì mi ń kọ ìtàn àwọn èèyàn tó ń gbé inú òkè Olósùnta, tí ọkọ̀ wọn ń fò lọ sójú ọ̀run. Ó kọ ọ́ kún ìwé ìṣirò rẹ̀ títí dé èèpo ẹ̀yìn. Bàbá rẹ̀ ní ebi ni yóò pa á. Mo fẹ́ sọ ìtàn Butler, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó ń kọ ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì, fún bàbá yìí. Ta ló mọ̀ ọ́n dáadáa?

Ìyá Ìbejì, Adó: Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà. Pasadena, Califọ́níà, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1947. Bàbá rẹ̀ tètè kú. Ìyá rẹ̀ ń tọ́jú ilé onílé kí wọ́n tó rí jẹ. Ìwé kíkà nira fún Butler fúnra rẹ̀, ojú sì máa ń tì í láàárín èèyàn. Ó fọ abọ́, ó polówó ọjà lórí fóònù, ó ṣa pòtétò díndín tó bàjẹ́ ní ilé iṣẹ́. Aago méjì òru ló ń jí kọ̀wé kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ẹ gbọ́ ná, aago méjì òru! Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1976.

Ọmọ Ìjerò: Ẹ fi ti 1995 kún un, mà. Ọdún yẹn ló gba ẹ̀bùn MacArthur tí wọ́n ń fún àwọn ọlọ́pọlọ pípé ní Amẹ́ríkà, owó gidi, òun sì ni òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì àkọ́kọ́ tó gbà á. Ní 1988, ó ti kọ ọ́ sí ìwé àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ pé ìwé òun yóò wọ àtẹ àwọn ìwé tó ń tà jù. Ó kú ní 2006. Ọdún 2020 ni ọ̀kan nínú ìwé rẹ̀ wọ àtẹ ìwé tó ń tà jù ti ìwé ìròyìn New York Times. Ó dùn mí gan-an pé kò fojú rí i.