Ẹ̀yáwó USDA ni, àbí ká ra mobile home?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. County kan tó jìnnà sí ìlú ńlá ní Amẹ́ríkà ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ilé tí wọ́n ń tà níbí ò pọ̀. Kí a tó pe báńkì, àwọn tó ń wá ilé ìsinmi ti fi owó kàṣì gbà á.

Ọkọ mi ní ká ra mobile home (ilé alágbèéká tí wọ́n ń kọ́ ní iléeṣẹ́), ká gbé e sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Owó rẹ̀ kéré lóòótọ́, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Onílẹ̀ lè fowó kún owó ilẹ̀, ìnáwó ńlá sì ni kíkó ilé náà kúrò níbẹ̀ (kò rọrùn bí orúkọ rẹ̀).

Section 502, ìyẹn ẹ̀yáwó ilé ìgbèríko ti USDA (iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà), ló wù mí, torí kò béèrè owó ìbẹ̀rẹ̀. Oríṣi méjì ló wà. Báńkì ló ń yáni ní guaranteed, ìjọba ló ń ṣe onídùúró, ọdún 30 ni. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń yáni ní direct, ó sábà máa ń jẹ́ ọdún 33, ìrànwọ́ sì lè mú èlé wálẹ̀ dé 1%. Ṣùgbọ́n téèyàn bá ta ilé, wọ́n lè gba lára ìrànwọ́ náà padà.

Ẹni tó ti gba direct, ẹ jọ̀ọ́, ó pẹ́ kí wọ́n tó dá yín lóhùn? Ṣé ẹni tó ń ta ilé dúró dè yín? Ta ló sì sanwó àtúnṣe nígbà tí kànga tàbí septic tank (kòtò ìdọ̀tí ilé) ò yege àyẹ̀wò?