Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìró ìbọn ni wọ́n fi parí sáà kẹta, a ò sì mọ̀ bóyá ìkẹrin máa wà

Arẹwà Òǹwòran:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Inú ń bí mi, mi ò sì rẹ́ni tó máa yé nínú ilé yìí.

Láti apá àkọ́kọ́ nínú sáà àkọ́kọ́ ni mo ti ń bá eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ alápá púpọ̀ yìí bọ̀, ẹ̀yin náà sì mọ̀. Nígbà tí wọ́n pa ọmọkùnrin tó ń ta ìwé ìròyìn, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ pé dókítà tó ń yẹ òkú wò mọ nǹkan nípa rẹ̀. Gbogbo yín lẹ ní irọ́ ni. Nígbẹ̀yìn, ta ló jàre?

Ó wá kan apá tó kẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jókòó tì mí, kò sì panu mọ́. “Ta nìyẹn? Kí ló ṣe? Kí ló dé tó ń sá?” Ẹni tí kò wo ìkankan nínú apá méje tó ṣáájú! Mo ní kó dìde, ó ní òun lòun ni àga. Ọ̀rọ̀ yẹn dìjà, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ìkíni lásán ló kù láàárín wa. Ohun mìíràn tún ni irun ọ̀gá ọlọ́pàá. Báwo ni irun ṣe gùn ní apá keje, tó sì ti di gígé ní ìkẹjọ, nígbà tó jẹ́ pé òru kan ṣoṣo ló wà láàárín méjèèjì nínú ìtàn? Ṣé kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ ni?

Ìparí rẹ̀ ló wá dùn mí jù. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wa wọ ilé ìkẹ́rùsí lóun nìkan, ó ṣílẹ̀kùn, ìbọn dún, ojú àwòrán ṣókùnkùn. Ó tán! A ò mọ ẹni tó yìnbọn, a ò mọ ẹni tí ọta bà. Ẹni tó pa àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta yẹn, tí a ti ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn ò jẹ́ ká rí òjìji rẹ̀ pàápàá. Ilé iṣẹ́ tó ni eré náà ò sì sọ pé sáà kẹrin ń bọ̀, wọn ò sọ pé kò ní bọ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń kọ̀wé sí òṣèrébìnrin tó ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yẹn, kò dá mi lóhùn rí.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé ká para pọ̀ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ ni, àbí kí n má tún wo eré kankan mọ́ àfi èyí tí wọ́n bá ti ṣe parí pátápátá?

Ìyá Àgbà Tíátà:

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ó dun èmi náà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé lẹ́tà ò lágbára. Ní 1983, CBS, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Amẹ́ríkà, dá Cagney & Lacey dúró, eré àwọn obìnrin méjì tó jẹ́ ọlọ́pàá. Lẹ́tà àwọn òǹwòran ya wọ ilé iṣẹ́ náà, Tyne Daly, ọ̀kan nínú àwọn òṣèré méjèèjì, sì gba Emmy, ẹ̀bùn ńlá fún eré tẹlifíṣọ̀n, lọ́dún kan náà. Wọ́n dá eré yẹn padà ní 1984, ó sì wà títí di 1988. Kọ ìwé rẹ.

Kò-gba-gbẹ̀rẹ́:

Ẹ fi òṣèrébìnrin yẹn sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Kò kọ ìtàn náà, òun kọ́ ló ń náwó sí i, bó sì mọ̀ nǹkan kan pàápàá, ìwé àdéhùn rẹ̀ ò ní jẹ́ kó sọ ọ́. Ká máa yọ èèyàn lẹ́nu lójoojúmọ́ kì í ṣe ìfẹ́.

Ojú Ò Sùn:

Arẹwà, tìrẹ ṣì kéré. Èmi ni kí n bèèrè ìmọ̀ràn. Nígbà tí eré Twin Peaks parí ní 1991, inú ìyọnu ńlá ni wọ́n fi ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà sí. Ọdún 2017 ni wọ́n tó padà wá. Mo ti dàgbà! Àwọn òṣèré kan ti kú láàárín ìgbà yẹn. Mo sì jókòó, mo wò ó látòkèdélẹ̀, mo ní ọpẹ́ ni. Ìwọ tí wọ́n tiẹ̀ fi aago adájọ́ yẹn hàn, tí ọkàn rẹ ti balẹ̀ díẹ̀, kí lo tún ń sunkún sí?

Arẹwà Òǹwòran:

Ẹ ṣé, Ìyá Àgbà. Ọkàn mi fúyẹ́ díẹ̀.

Kò-gba-gbẹ̀rẹ́, mi ò bú u, mi ò béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwúrí ni mò ń kọ sí i. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ó yẹ kó gbọ́ ọ.

Akọ̀wé Àdéhùn:

Mo ti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀yìn kámẹ́rà rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ìwé ẹ̀bẹ̀ nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ yìí. Ohun méjì ni ilé iṣẹ́ máa ń gbé sórí ìwọ̀n: iye tí sáà tuntun máa jẹ, àti iye èèyàn tó wo èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Bí sáà ṣe ń pọ̀ sí i, owó òṣèré ń ga sí i, torí náà eré lè ní òǹwòran bákan náà kó sì di gbèsè. Àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n ń fojú sí jù. Wọ́n tún ń wo iye ẹni tó bẹ̀rẹ̀ tó sì wò ó dé òpin, torí ẹni tó dúró ní apá kejì kò ní dúró de sáà tuntun. Netflix, fún àpẹẹrẹ, láti oṣù kẹfà 2023, ń pín wákàtí tí àwọn èèyàn fi wo eré sí bí eré náà ṣe gùn tó, kí wọ́n tó tò ó sórí àtẹ wọn.

Àkókò tún wà níbẹ̀. Àdéhùn òṣèré ní ọjọ́ tó máa parí. Bí ilé iṣẹ́ bá fi falẹ̀, olúkúlùkù á gba iṣẹ́ mìíràn, wọ́n á tú ilé tí wọ́n kọ́ fún àwòrán palẹ̀, àtikó wọn jọ padà á wá di ìṣòro. Ẹ wo Mindhunter, eré Netflix. Sáà kejì jáde ní 2019, wọ́n sì tú àwọn òṣèré sílẹ̀ nínú àdéhùn ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020. David Fincher tó ń darí rẹ̀ sọ pé owó rẹ̀ ti pọ̀ ju iye òǹwòran rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ eré tó dára ni.

Àlàbá Fíìmù:

Ẹ̀gbọ́n, ariwo àwa òǹwòran náà ń ṣiṣẹ́ o. Fox, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, pa eré Lucifer tì ní oṣù karùn-ún 2018. Gbogbo ayé pariwo. Kí oṣù kẹfà tó parí, Netflix ti gbà á, ó sì wà títí di 2021.

Kò-gba-gbẹ̀rẹ́:

Àwa tí a pariwo nítorí eré Hannibal ní 2015 ńkọ́? NBC dá a dúró lẹ́yìn sáà kẹta, títí dòní kò padà. Ẹ má fún ọmọ ọlọ́mọ ní ìrètí tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Àlàbá Fíìmù:

Eré Longmire ńkọ́? A&E lé e jáde ní 2014. Òǹwòran rẹ̀ pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn tó ń polówó ọjà sì fẹ́ ọ̀dọ́. Netflix ṣe sáà mẹ́ta sí i. Ẹ má kàn máa mú èyí tó kú nìkan.

Kò-gba-gbẹ̀rẹ́:

Ilé iṣẹ́ mìíràn ló rí èrè níbẹ̀, kì í ṣe pé ẹnì kan kàánú àwọn òǹwòran.

Ìyá Àgbà Tíátà:

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ rọra. Ọmọbìnrin yìí ló ń bèèrè ọ̀rọ̀.

Arẹwà Òǹwòran:

Mo ń ka gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, aago wo ni Ojú Ò Sùn ń sọ? Adájọ́ ò sí nínú apá kẹjọ rárá.

Ojú Ò Sùn:

Báwo? Ìgbà tí ojú àwòrán ṣókùnkùn, orúkọ àwọn òṣèré kọjá, ìtàn tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ dé ilé ìwòsàn, ó ń mí. Adájọ́ wá kí i, ọwọ́ rẹ̀ sì ní… mi ò ní sọ ọ́ tán. Báwo ni apá kẹjọ tìrẹ ṣe gùn tó?

Arẹwà Òǹwòran:

Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta.

Àlàbá Fíìmù:

Tiwa jẹ́ méjìdínlọ́gọ́ta. Níbo lo ti wò ó?

Arẹwà Òǹwòran:

Ẹnì kan máa ń fi fáìlì rẹ̀ sórí Telegram. Ibẹ̀ ni mo ti ń gbà á láti sáà àkọ́kọ́. Kí ẹ tó dájọ́ mi, ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ni eré náà ò ṣí níbi tí mo wà nígbà tí eré yìí bẹ̀rẹ̀. Mo gbìyànjú. Kì í ṣe pé mo fẹ́ jalè. Èèyàn tí mo sì ti jẹ́ kó mọ eré yìí pọ̀, mo máa ń fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí wọn.

Kò-gba-gbẹ̀rẹ́:

Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Ìwọ àti gbogbo àwọn tó o fi ránṣẹ́ sí, kò sí ẹnì kan nínú yín tí ilé iṣẹ́ náà rí. Lójú wọn, ẹ ò wò ó. O wá fẹ́ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ lórúkọ òǹwòran!

Arẹwà Òǹwòran:

Ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́, kí ló fẹ́ ṣe? Ìfẹ́ tí mo ní sí eré yìí ò kéré sí tìrẹ.

Akọ̀wé Àdéhùn:

Ẹ má bú u. Arẹwà, ìkànnì yẹn ti gbòòrò láti ìgbà tí sáà àkọ́kọ́ jáde. Tún gbìyànjú lónìí. Bó bá ṣí, wo apá kẹjọ níbẹ̀ dé ìparí, lẹ́yìn náà kí o sọ fún gbogbo àwọn tó o fi fáìlì ránṣẹ́ sí kí àwọn náà lọ wò ó níbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kò gbọ́dọ̀ pẹ́. Bí kò bá ṣí, ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé rẹ gan-an nìyẹn: sọ fún wọn pé àwọn òǹwòran wà níbi tí wọn ò tà á dé. Ojú ewé tí ilé iṣẹ́ náà fi ń gba èrò àwọn oníbàárà ni kó o fi ránṣẹ́ sí, má kọ ọ́ sí òṣèré.

Ìyá Àgbà Tíátà:

Kó o sì bá ẹ̀gbọ́n rẹ sọ̀rọ̀. Àga ni.

Arẹwà Òǹwòran:

Ó ṣí. Mo ti wò ó. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n.

Ojú Ò Sùn, gbogbo yín lẹ gbà pé adájọ́ ni apààyàn nítorí aago ọmọbìnrin kejì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ padà lọ wo apá kejì sáà yìí, níbi tó ti ń buwọ́ lu ìwé nílé ẹjọ́. Ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé, ọwọ́ ọ̀tún ló ń so aago mọ́. Nílé ìwòsàn, ọwọ́ òsì ni aago yẹn wà, ó sì há mọ́ ọn. Mo gbà pé ẹlòmíràn ló so ó mọ́ ọn lọ́wọ́, kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lè rí i. Dókítà yẹn náà sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, lẹ́yìn gíláàsì. Ta ló tún rí i?